Etí Ni Mo Fi Ń Ya Fọ́tò

Àwọn èèyàn a máa bi mí pé irú ojú wo ni mo ní tí mo fi ń rí ohun tí mò ń yà. Èsì mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní àwàdà ni mò ń ṣe. Etí ni. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ sójú agbo, sétí odò, sínú igbó àti sórí àpáta, fọ́tò tí mo lè fi yangàn nínú èyí tí mo yà, mo ti gbọ́ ọ kí n tó rí i. Èyí tí mo fi ojú nìkan lé, ó máa ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé tó bá kámẹ́rà wá. Oòrùn, owó ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ wíwú ni mo fi kọ́ ọ.

Olùkọ́ ni mí n'Íbàdàn. Fọ́tò kọ́ ló ń bọ́ mi. Òun ni mo fi ń sinmi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tí mo ti fi máàkì ìwé àwọn ọmọ. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ ni mo rà, lẹ́ńsì kékeré kan ló bá a wá. Owó àjọ ni mo fi ra èkejì, lẹ́ńsì gígùn tó ń fa ohun tó wà lókèèrè súnmọ́ni. Bó bá di Sátidé tàbí ìgbà ọlidé, mo ti máa ń wà ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ mi a ní ẹ̀mí ọdẹ ló wà lára mi. Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Ọdẹ náà kì í dúró dìgbà tó bá fojú rí ẹran. Ìró ewé gbígbẹ ti máa ń sọ fún un.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àárín agbo ijó ni mo máa ń kó sí, màá máa sáré tẹ̀ lé ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá dára jù. Bí mo bá délé, tí mo tú fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà, irú kan náà ni gbogbo wọn: ọwọ́ tó ti ń bọ̀ nílẹ̀, ẹnu tó ti pa dé, gèlè tó ti kẹ̀yìn sí mi. Kókó ijó ti lọ kí ìka mi tó tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà ni mo ń dá lẹ́bi, mo ní tòkunbọ̀ ló fà á.

Bàbá onílù kan ló là mí létí. Abẹ́ ibòòji ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, ó ń dán ọṣán ìyáàlù rẹ̀ wò, ó sì ti ń wo bí mo ṣe ń sáré kiri láti àárọ̀. Ó ní, "Àǹtí onífọ́tò, ẹsẹ̀ oníjó lẹ̀ ń wò. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn, ìlù ti pè é kó tó gbéra."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ dákun, bàbá, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

Ó ní kí n gbé kámẹ́rà sápò ná. N kò yọ ọ́ mọ́ títí agbo fi tú. Ẹ̀gbẹ́ bàbá ni mo dúró sí, bó bá sì ti lu gbólóhùn kan tán, á wojú mi, á ní, "Kí ni mo wí?" Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, á tún un lù, á rẹ́rìn-ín, á tún bi mí.

Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rèé. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti àwọn yòókù ń di ìlù mú kó má yẹ̀ ni. Èèyàn lè kọ́ etí rẹ̀ kó fi àwọn tó ń di ìlù mú sílẹ̀, kó máa bá ìyáàlù lọ. Bí onílù bá fẹ́ kí ẹnì kan, á dín eré kù, á súnmọ́ onítọ̀hún, á fi ìlù pe orúkọ rẹ̀, kó tó wá kó oríkì ìdílé lé e. Láàárín orúkọ àti oríkì yẹn ni onífọ́tò ti ráyè gbé kámẹ́rà sójú. Torí bí oríkì bá ti wọ onítọ̀hún lára, agbádá á di kíká sórí èjìká, àyà á yọ síwájú, orí á wú, ọwọ́ á sì wọ àpò. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni yóò ya owó. Ẹni tó gbọ́ oríkì ni yóò ya ojú.

Ti bàtá tún yàtọ̀. Ohùn bàtá kì í fà, ó máa ń já ni. Èjìká oníjó á fò lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí. Fún ijó dùndún, mo máa ń ṣí kámẹ́rà fún 1/250 ìṣẹ́jú àáyá. Fún bàtá, 1/500 tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí bí kámẹ́rà ṣe lè yára tó tó máa gba ẹni tó ń retí kí ojú rẹ̀ rí nǹkan kó tó tẹ̀ ẹ́. Orí ìlù tó máa ń gé ni ẹsẹ̀ oníjó ń balẹ̀ sí. Ẹni tó ti mọ ibi tí gbólóhùn ìlù ń lọ á ti mọ ibi tí yóò gé.

Òṣogbo ni mo ti rí i pé kì í ṣe ìlù nìkan ni etí ń gbọ́. Lóṣù kẹjọ ọdún, lọ́jọ́ àṣekágbá ọdún Ọ̀ṣun, Arugbá máa ń ru igbá kúrò láàfin Àtáọ́ja lọ sí igbó Ọ̀ṣun. Èrò tó ń tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé ẹni kúkúrú bíi tèmi kò lè rí ju ìpàkọ́ àwọn èèyàn lọ. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò máa ń jà kí wọ́n tó dé iwájú. Ẹ̀bá ọ̀nà ni èmi máa ń dúró sí, màá kọjú sí àwọn tó wá wòran, màá kẹ̀yìn sí ibi tí Arugbá ti ń bọ̀. Ariwo ló ń sọ ibi tó dé fún mi. Á kọ́kọ́ máa rọ́ lókèèrè, á wá di orin, lẹ́yìn náà á di igbe àdúrà. Bó bá ti di àdúrà, mo mọ̀ pé ìyá àgbà tó wà níwájú mi á fi ọwọ́ méjèèjì ra orí, á sì na ọwọ́ náà sọ́nà Arugbá bí ẹni ju nǹkan nù, kí ibi máa bá a lọ. Ojú ìyá yẹn ni mo bá wá. Igbá tí wọ́n fi aṣọ bò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti yà á.

Aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Bí kámẹ́rà bá rí funfun rẹpẹtẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú èèyàn dúdú á wá ṣú débi pé a ò ní mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu. Ojú èèyàn ni mo máa ń fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Bí kò bá sáyè àtiwọ̀n ọ́n, màá fi ìmọ́lẹ̀ kún ohun tí kámẹ́rà yàn, nígbà mìíràn títí dé ìlọ́po méjì. Aṣọ lè wá funfun jù díẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo fọ́tò ìyá rẹ̀ rí tó béèrè bí aṣọ ṣe rí.

Etí yìí kan náà ló kọ́ mi ní ohun tí kì í ṣe ti kámẹ́rà. Obìnrin ni mí. Nílùú ìyá mi, bí Orò bá fẹ́ jáde, wọ́n á kéde, àwa obìnrin á wọlé, a ó tilẹ̀kùn. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀, inú yàrá ni èmi àti àwọn ìyá mi wà, kámẹ́rà wà lábẹ́ ibùsùn, ohùn Orò sì ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ọmọ àbúrò ìyá mi bi mí bóyá kò dùn mí pé n kò lè ya èyí. Àríyànjiyàn wà lórí òfin yìí láàárín àwa obìnrin fúnra wa, n kò sì ní parọ́ pé mo gba gbogbo rẹ̀ láìjanpata. Ṣùgbọ́n ti fọ́tò kò dùn mí. Ohùn ni wọ́n fi ọdún náà ṣe fún wa, a sì gbọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ yọ́ ọ yà, kí ni yóò fi hàn nínú rẹ̀?

Egúngún ní tirẹ̀ ní ẹni tí à ń bi. Atọ́kùn tó ń ṣamọ̀nà rẹ̀ ni. Màá lọ bá a kí eré tó gbóná, màá kí i, màá sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ibi tí mo ti wá, màá sì béèrè. Àwọn kan á ní, "Ẹ yà á, ẹ ṣáà má súnmọ́ ọn." Àwọn kan á ní, "Ti èyí ò ṣe é yà." Àwọn mìíràn á dákẹ́, wọ́n á máa wo ibòmíràn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni rárá tó le jù. Àgbàlagbà tí kò fẹ́ dójú ti àlejò ló dákẹ́. Ẹni tó bá fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ni ló ń dójú ti ara rẹ̀.

Ìyá olóbì kan tún wà tó sọ tirẹ̀ sí mi lójú láìfi bò. Ó ní, "Ẹ ó wá, ẹ ó kó ojú wa lọ, a ò ní rí yín mọ́." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọ díẹ̀ nínú fọ́tò mi sórí bébà, bí ọdún bá sì tún yí po, màá kó o padà fún àwọn oní-nǹkan. Ó ń náni lówó. Àmọ́ nílùú tí mo ti dá fọ́tò padà, àwọn ìyá ló ń pè mí wá báyìí, àwọn ló ń sọ fún mi pé, "Ẹ lọ dúró lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà."

Ẹni tí mo rò pé ó mọ ọ̀nà yìí jù nínú àwọn onífọ́tò tó yà wá ni Pierre Verger, ará Faransé tó dé Bahia ní Brazil ní 1946, tó sì bá ìtàn àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ débi tó fi sọdá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ó di babaláwo, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Rolleiflex ló ń lò. Ẹni tó ń lo kámẹ́rà yẹn kì í gbé e bojú. Àyà tàbí ikùn ló ń gbé e sí, á tẹrí ba wò ó láti òkè, ẹni tó ń yà ṣì ń rí ojú rẹ̀, wọ́n sì lè jọ máa sọ̀rọ̀ lọ. Fọ́tò tó fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1996 lé ní 60,000. Bẹ́ẹ̀ náà ló fi ìwé tó ń jẹ́ *Ewé* sílẹ̀, èyí tó jáde ní 1995, tó kún fún orúkọ ewé àti ọfọ̀ tó gbà lẹ́nu àwọn babaláwo. Ẹnikẹ́ni kì í ka ọfọ̀ fún kámẹ́rà. Ẹni tó bá jókòó tẹ́tí ni wọ́n ń kà á fún. Mo kọ́ gbígbé kámẹ́rà sísàlẹ̀ lára rẹ̀, torí gíláàsì ẹ̀yìn tèmi ṣe é yí sókè. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi rojọ́ bí mo ṣe ń yà wọ́n lọ.

Nínú igbó, ẹni tí kò lo etí, ewé ni yóò máa yà kiri. Mo máa ń lọ sí igbó inú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1967, tí ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,000 hẹ́kítà. Mo tún máa ń padà sí igbó Ọ̀ṣun nígbà tí kò sí ọdún, tí èrò ti lọ. Hẹ́kítà 75 ni igbó yẹn, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, tòun ti iṣẹ́ ọnà tí Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe síbẹ̀. Èèwọ̀ ni kéèyàn dọdẹ tàbí kó pẹja níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò fi bẹ̀rù èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ya ẹranko, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹyẹ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọdẹ àgbà kan tó mú mi wọgbó lẹ́ẹ̀kan rí bí mo ṣe ń yí ọrùn kiri, ó ní, "Ẹ jókòó, kí igbó gbàgbé yín." Mo jókòó. Igbó máa ń pa rọ́rọ́ nígbà téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́. Tó bá yá, ohùn kan á bẹ̀rẹ̀ lápá kan, òmíràn á dáhùn. Ìgbà náà ni mo máa ń di ojú, tí màá na ìka sí ibi tí ohùn ti ń wá, kí n tó la ojú tẹ̀ lé ìka mi. Àtíòro máa ń súfèé kó tó gbéra. Bí ọ̀kan bá sì fò kọjá láàárín igi, ó sábà máa ń jẹ́ pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́ ni mo fi ń mọ ojú ọ̀nà wọn, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mò ń yà. Ẹlúlùú kì í fi ohùn pamọ́. Àwọn àgbà ní òun ló ń fẹnu ara rẹ̀ pe òjò tó ń pa á. Bí mo bá gbọ́ tó ń ké léraléra, ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ ń wá fún kámẹ́rà, kí n tó wá ẹyẹ.

Ìmọ́lẹ̀ inú igbó kò tó nǹkan. Bí n kò bá gbé kámẹ́rà lé orí ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á gbọ̀n. Mo sì máa ń pa ìró bọ́tìnnì rẹ̀, nítorí bí mo ṣe ń fetí sí igbó ni igbó ń fetí sí mi. Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, *Malimbus ibadanensis*, ẹyẹ dúdú tí akọ rẹ̀ pupa lórí àti láyà, tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ, tó sì ti ṣọ̀wọ́n gan-an. N kò tíì yà á. Ohùn rẹ̀ ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ látorí èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, kí n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá ké sí mi.

Ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, omi Olúmirìn ló máa ń kọ́kọ́ kíni. Ipele méje ni omi yẹn ní, kéèyàn sì tó rí ti àkọ́kọ́ ni yóò ti gbọ́ ọ. Bó bá ń hó kíkan lẹ́yìn òjò, mo mọ̀ pé ìkùukùu omi máa wà lójú lẹ́ńsì, aṣọ ìnujú gbígbẹ ló gbọ́dọ̀ wà lápò, kí n sì dúró lókèèrè. Bó bá ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo lè súnmọ́ ọn, kí n gbé kámẹ́rà kalẹ̀, kí n ṣí i fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá títí omi á fi nà gbọọrọ lórí àpáta. Ọ̀tọ̀ ni fọ́tò omi tó ń hó, ọ̀tọ̀ ni ti omi tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì bákan náà ti sọ omi di odi.

Ó níbi tí etí ti ń kùnà, kí n sọ ìyẹn náà. Ìjẹ̀bú-Òde ni, lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí, bíi Gbọ́baníyì àti Arọ́bayọ̀, á tò wá nínú aṣọ òkè, ìdílé àwọn Balógun á gun ẹṣin wọ agbo, ìbọn á máa dún. Láti oṣù kẹfà 2024, nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti dígí dúdú àti sìgá ńlá, gba gbogbo ayé kan, fóònù tó ń nà sókè níbẹ̀ ti pọ̀ ju ọwọ́ tó ń kí ọba lọ. N kò bínú sí i. Fọ́tò yẹn dára, ọkùnrin náà sì mọ bí a ti ń gun ẹṣin wọlé ayẹyẹ. Gbohùngbohùn ni ìṣòro tèmi. Ó máa ń bo ìlù mọ́lẹ̀ débi pé onílù lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi kí n má mọ ẹni tó ń kì.

Ọgbọ́n tí mo dá síbẹ̀ ni pé mo ń yá etí ẹṣin lò. Ẹṣin máa ń yí etí sí ibi tí ohùn ti ń wá, kì í sì í ṣe gbohùngbohùn nìkan ló ń gbọ́. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá nà ṣánṣán sí apá kan, nǹkan kan ń bọ̀ níbẹ̀: àwọn onílù, ẹṣin mìíràn, àwọn oníbọn. Màá yí lẹ́ńsì síbẹ̀, màá sì fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn, torí ẹṣin tó ti na etí lè fò nígbàkúgbà. Kì í fìgbà gbogbo jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti padà sílé láti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú aṣọ tó lẹ́wà nínú káàdì mi, láìrí ojú kan tó sọ nǹkan.

Àwọn ọmọ iléèwé mi tí wọ́n ti rí fọ́tò wọ̀nyí máa ń bi mí pé, "Àǹtí, kámẹ́rà wo ni ká rà?" Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lo èyí tó bá wà nílẹ̀, fóònù bàbá wọn náà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé nǹkan kan dání, kí wọ́n lọ sí ọdún ìlú wọn lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n dúró ti onílù, kí wọ́n béèrè orúkọ ìlù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ́ oríkì ilé wọn títí wọn yóò fi lè gbọ́ ọ lójú ìlù. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí ìlù ń kí òun fúnra rẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ mọ̀ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí, tí yóò fi gbé kámẹ́rà sí i?